Ilé Lẹ́bàá Òkè Tí Apá Wa Lè Ká

Ilé lẹ́bàá òkè kì í sábà wọ́n nílẹ̀ Yorùbá. Kì í ṣe ẹwà ló gbé àwọn baba wa gun òkè lọ, ogun ni. Nígbà tí ogun tán, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ àti ọjà ńlá sì gba ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ìlú tí àpáta ká mọ́ wá di ìlú tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń kúrò lọ sí Èkó àti Ìbàdàn, tí ilé òfìfo sì pọ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá fẹ́ jí láàárọ̀, kó wọ bàtà, kó rin ìrìn wákàtí kan tàbí méjì lórí àpáta tàbí nínú igbó kó tó jẹun, kò fi níláti jẹ́ olówó. Ohun tó yẹ kó mọ̀ ni iye tí ilé pọ́ọ́kú yẹn máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti san owó ilé tán.

Àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Láyé ìjọ́un, tíṣà tó fẹ̀yìn tì kì í yan ìlú kankan, ìlú rẹ̀ ló ń padà sí. Ṣùgbọ́n látìgbà kòrónà ní 2020, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń ti inú yàrá wọn ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀gá wọn kò sì bìkítà bóyá Yábàá ni yàrá náà wà tàbí Iléṣà. Àwọn àgbà kan ń ti London tàbí Houston bọ̀, ìrìn ìgbafẹ́ ọjọ́ Sátidé ti mọ́ wọn lára, dókítà sì ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má jáwọ́. Látìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ ti di ohun tí èèyàn ń ṣírò kó tó kẹ́rù lọ síbikíbi. Òkè tó wà ní wákàtí méjì sí ilé kì í ṣe òkè ẹni mọ́, òkè ọdún Kérésì ni.

Ìdànrè ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, torí kò síbi tí àpáta ti pọ̀ tó o lápá ọ̀dọ̀ tiwa. Ó wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kìlómítà bíi 20 sí 25 sí Àkúrẹ́. Títí di 1923 ni àwọn ará ìlú náà fi gbé lórí òkè gan-an kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó sọ̀ kalẹ̀ sí Òdòdé. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló gbéni dé ìlú àtijọ́ náà, wọ́n sì ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà fún ẹni tí èémí rẹ̀ bá ń sáré. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá wà lókè níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó onígi tí wọ́n fín, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́. Láti 2007 ni UNESCO ti fi orúkọ ibẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tí wọ́n ń retí láti gbé yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé.

Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn yẹn ti àlejò ni. Ẹni tó bá ń gbé ìlú náà kò níláti san owó ẹnubodè lójoojúmọ́ kó tó rìn. Ọ̀nà oko kòkó ló pọ̀ jù ní Ìdànrè, wọ́n gba àárín àpáta kan bọ́ sí ẹ̀yìn òmíràn, igi kòkó ń ṣíji bo ọ̀nà, odò kékeré ń gba abẹ́ òkúta kọjá. Lágogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, àwọn tí wàá pàdé ni àgbẹ̀ tó gbé àdá léjìká àti àwọn ọmọdé tó gbé bàtà ilé ìwé wọn lọ́wọ́ torí ìrì. O kí wọn, wọ́n á bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Tí o bá ti dáhùn ìbéèrè yẹn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ọ̀nà ti di tìrẹ.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé Àkúrẹ́ ni gbogbo nǹkan ńlá wà: dókítà onímọ̀ àkànṣe, báńkì tí kò kún, irin iṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Aládé, tó jẹ́ apá Ìdànrè tó kọjú sí ọ̀nà Àkúrẹ́, dára fún ẹni tí yóò máa lọ bọ̀. Òdòdé dára fún ẹni tí kò ní ibi kankan í lọ. Ní ti ilẹ̀ rírà, ẹ má retí pé ará Ìdànrè máa fi ilẹ̀ ta lọ́pọ̀. Kòkó ni ìlú náà ń jẹ, nígbà tí owó kòkó sì fò sókè lágbàáyé ní 2024, ẹni tó ní éékà kan nínú igbó rí i pé ọwọ́ òun ni ohun rere wà.

Àkúrẹ́ fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Olú-ìlú ìpínlẹ̀ ni láti 1976, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀ láti 1981, pápákọ̀ òfuurufú wà níbẹ̀ náà. Owó ilé ní Alágbàká àti Ìjàpọ̀ ń gun òkè ju àwọn arìnrìn-àjò lọ, àyíká yunifásítì sì ti di ti akẹ́kọ̀ọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá háyà ilé sí ìdí ọ̀nà Ìdànrè lè máa ṣiṣẹ́ nílùú ńlá láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, kó sì dé orí àpáta lọ́jọ́ Sátidé kí oòrùn tó mú. Fún tọkọtaya tí wọ́n ní ọmọ nílé ìwé, mi ò rò pé ó yẹ kí wọ́n wá jìnnà ju ibẹ̀ lọ.

Apá ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù lójú mi ni ìlà òkè tó ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà na ara rẹ̀ wọ Èkìtì. Àpáta ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan gbàǹgbà bí i ti Ìdànrè. Òkè gígùn ni, igi bò ó, àfonífojì sì wà láàárín rẹ̀, ìrìn ibẹ̀ sì jẹ́ ìrìn gidi tí èèyàn lè fi ọjọ́ kan gbáko ṣe. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà, níbi tí omi Olúmirin ti ń já bọ́ ní ìpele méje. Lókè ni Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Lápá kejì ni Ìkọ̀gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn. Omi gbígbóná náà ń yọ láti inú ilẹ̀ ní nǹkan bíi 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 37 kó tó pàdé èkejì. Omi tí ń já bọ́ ti Àrìnta, ní Ìpólé-Ìlórò, kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Tí a bá sì gba ìhà àríwá, a ó dé Òkèmẹ̀sí àti Ìmèsí-Ilé, níbi tí wọ́n ti ja ogun Kírìjì láti 1877. Lọ́jọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà, àmọ́ ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká tán. Ẹni tó bá rin àárín Ìgbájọ àti Ìmèsí-Ilé yóò fi orúnkún rẹ̀ mọ ìdí tí ogun náà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: kò sí ọmọ ogun tó lè sáré gun irú ilẹ̀ yẹn kí ìbọn má bà á.

Nínú gbogbo àwọn ìlú wọ̀nyí, èwo ni èèyàn lè gbé? Ìkọ̀gòsì àti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà rẹwà, ṣùgbọ́n ìlú kékeré ni wọ́n. Ọjọ́ ọjà ni ọ̀pọ̀ nǹkan ń wà, bẹ́ẹ̀ ni lọ́jọ́ ọdún, ọkọ̀ àwọn olùgbafẹ́ máa ń dí ojú ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ sùn síbẹ̀, kí ẹ padà sílé. Ẹ̀fọ̀n Aláayè yàtọ̀. Ìlú gidi ni, atẹ́gùn ibẹ̀ tutù, nígbà ọyẹ́ sì ni àwọn ará ibẹ̀ máa ń fi àlejò tí kò mú aṣọ òtútù dání ṣe yẹ̀yẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Àpọ́sítélì Joseph Ayo Babalola ìjọ CAC sí ní 1959, ìdí nìyẹn tí àwọn onígbàgbọ́ fi ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti ibi gbogbo.

Ọ̀rọ̀ Babalola rán mi létí ohun kan tí àwọn ajẹ́ńtì kì í sọ. Nílẹ̀ Yorùbá, òkè tó bá dára fún ìrìn dára fún àdúrà pẹ̀lú. Kí ẹ tó san owó ilé kankan lẹ́sẹ̀ òkè, ẹ lọ síbẹ̀ lóru ọjọ́ Ẹtì. Tí orí òkè náà bá ti di ilẹ̀ àdúrà, tí wọ́n sì ti gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síbẹ̀ fún ìṣọ́ òru, ẹ máa gbọ́ gbogbo orúkọ ọ̀tá tí wọ́n bá ń dárí rẹ̀ sí iná láti agogo mọ́kànlá títí dé márùn-ún ìdájí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ẹni tó wá sórí òkè nítorí ìdákẹ́jẹ́ ni mo ń bá wí.

Ká padà sọ́dọ̀ Ìjẹ̀ṣà. Iléṣà ni mo rí bí ìdáhùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Òun fúnra rẹ̀ kò ní òkè tó lókìkí, ìdí nìyí tí kò fi sẹ́ni tó ń gbé owó ilé ibẹ̀ ga nítorí ìran wíwò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó jókòó sí: Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Àkúrẹ́, Ẹ̀fọ̀n àti Ìkọ̀gòsì wà lẹ́yìn rẹ̀, Ìmèsí-Ilé wà lápá òkè, Òṣogbo kò jìnnà. Ilé ìwòsàn Wesley Guild, tó jẹ́ apá kan ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Ifẹ̀, wà láàárín ìlú. Ọjà ibẹ̀ kì í sùn. Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Yunifásítì ìpínlẹ̀ ti dé síbẹ̀ báyìí, a sì mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe sí owó ilé. Èkejì, àwọn awakùsà wúrà ti gbẹ́ ilẹ̀ ká àyíká náà. Ẹ̀gbẹ̀rún kòtò tí kò ní ọgbà kì í ṣe ibi tí èèyàn ń sáré kiri lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, omi odò tó bá sì pọ́n bí epo pupa kì í ṣe omi tí à ń fi ọwọ́ bù mu.

Fún àwọn tí orúnkún wọn kò gba òkè mọ́, mo gbọ́dọ̀ dárúkọ Òṣogbo. Igbó Ọ̀ṣun fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì sọ ọ́ di ogún àgbáyé ní 2005. Ọ̀nà inú rẹ̀ tẹ́, igi ńlá bò ó, àwọn ère tí Susanne Wenger àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ mọ sì wà lọ́tùn-ún lósì. Obìnrin náà, tó ti ilẹ̀ Austria wá, gbé Òṣogbo títí ó fi kú síbẹ̀ ní 2009, lẹ́ni tó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Kí ẹni tó bá rò pé àgbàlagbà kò lè bá ìlú yẹn mu rántí rẹ̀. Ẹ kàn má lọ síbẹ̀ láàárín ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ kí ẹ sì máa retí ìdákẹ́jẹ́.

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, láàárín Adó àti Àkúrẹ́, ní Ọlọ́ṣunta àti Òròlé, àpáta méjì tó dúró gbọnin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú. Ilé níbẹ̀ kò wọ́n, olú-ìlú méjì sì wà nítòsí. Àṣìṣe tí àlejò máa ń ṣe ni pé wọ́n á gun Ọlọ́ṣunta láìbéèrè. Òkè yẹn ní àwọn tó ń bọ ọ́, ó ní ọjọ́ tirẹ̀, ó sì ní ibi tí ẹsẹ̀ àlejò kì í dé. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí àwọn ìjòyè. Bí wọ́n bá fún yín ní ọmọ kan tó máa mú yín lọ, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti gbà yín.

Ní ìhà Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta ló wu àwọn ará Èkó jù, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Látìgbà tí ọkọ̀ ojú irin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021, èèyàn lè gbé Abẹ́òkúta kó sì máa lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láìjìyà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, àpáta Olúmọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ibi ìrìn. Mítà 137 ni gíga rẹ̀ sí ojú òkun, wọ́n tiẹ̀ ti kọ́ ẹ̀rọ agbéniròkè sí i, èèyàn sì lè lọ kó padà kí oúnjẹ tó jinná. Ìtàn Ẹ̀gbá láti 1830 ló pọ̀ níbẹ̀ ju ọ̀nà ẹsẹ̀ lọ. Láfikún, àwọn ilé iṣẹ́ tí ń fọ́ òkúta pọ̀ láyìíká Abẹ́òkúta. Mo ti rí ilé tuntun kan tí ògiri rẹ̀ là láti orí fèrèsé dé ilẹ̀, oníjọgbọ̀n rẹ̀ sì ni kúárì tó wà lẹ́yìn òkè, tó máa ń fi dáínámáìtì fọ́ àpáta. Lándílọ́ọ̀dù náà kò sọ fún ayálégbé rẹ̀ rárá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní ìkóríta bóyá ilẹ̀ máa ń mì lọ́sàn-án. Kò ní parọ́ fún yín, torí kò ní ilé kankan tó fẹ́ fi háyà.

Ojú irin kan náà ni mo fi ń wo Òkè-Ògùn, tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó jìnnà. Mọ́níyà ni ojú irin náà parí sí, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀nà Ìsẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀. Kìlómítà 65 ni, wọ́n sì ti tún un ṣe. Ìsẹ́yìn jẹ́ ìlú aṣọ òfì, ìró ọ̀pá ìhunṣọ ló ń jíni níbẹ̀. Ilé pọ̀, oúnjẹ pọ̀ torí àgbẹ̀ ni wọ́n: iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo. Láti ibẹ̀ sí Adó-Àwáyè kò tó wákàtí kan. Àtẹ̀gùn tó lé ní 350 ló gun òkè náà, adágún omi Ìyáàkẹ́ sì wà lórí àpáta lókè, omi tí kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ará ìlú ní irú rẹ̀ méjì péré ló wà láyé. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn, omi náà ti tó wò láìfi ti ẹlòmíràn ṣe. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Òkè-Ògùn ṣí sílẹ̀, igi kò dí ojú, èèyàn sì ń rí ibi tó ń lọ láti òkèèrè. Ohun tí Ìjẹ̀ṣà kò ní nìyẹn.

Ìgbẹ́tì àti Ṣakí jìnnà sí i, ilé ibẹ̀ sì dínwó sí i. Òkè Ìgbẹ́tì wuyì púpọ̀. Síbẹ̀, igbó ọba ti Ọ̀yọ́ Ilé wà nítòsí, ọ̀rọ̀ ààbò ní àgbègbè yẹn kò sì tíì rí bó ṣe yẹ. Mi ò ní kí ẹni tí kò ní ẹbí níbẹ̀ kó lọ.

Mo ti dé ibi tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ 29 oṣù kìíní 2024, àwọn apànìyàn pa ọba aládé méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì, ọjọ́ kan náà sì ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ìwé gbé ní Ẹmùrẹ́. Ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ti wà láti 2020, àwọn ọdẹ ìbílẹ̀ náà sì ń sapá, àmọ́ bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹni tó bá ń rìn lórí òkè wa lónìí gbọ́dọ̀ ní àwọn ẹlẹgbẹ́, kó jáde lówùúrọ̀, kó sọ ọ̀nà tó ń gbà fún ẹnì kan nílé, kó sì mọ olórí ọdẹ àdúgbò rẹ̀ lórúkọ. Ọ̀nà tí àwọn àgbẹ̀ ń gbà lójoojúmọ́ ló dára jù. Ọ̀nà tí àwọn fúnra wọn ti pa tì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa á tì pẹ̀lú wọn. Ìdí mìíràn nìyí tí mo fi fara mọ́ ìlú tó tóbi díẹ̀ ju abúlé ẹsẹ̀ òkè lọ: èèyàn rọrùn í rí bá rìn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ilé náà fúnra rẹ̀. Nílùú ńlá, ajẹ́ńtì máa ń gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé, owó àgírímẹ́ǹtì náà sì sábà máa ń tó bẹ́ẹ̀, ká tó wá sọ owó ìdógò. Nílùú kékeré, ẹnu ló ń wá ilé. Pásítọ̀, lèmọ́mù, ìyá tó ń ta oúnjẹ ní gáréèjì, ìjòyè tí ẹ lọ kí, àwọn ni ajẹ́ńtì. Tí wọ́n bá gbé yín lọ sọ́dọ̀ onílé, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ kí ẹ tó dárúkọ owó. Mo ti rí ibi tí ìkíni dáadáa ti dín owó ilé kù ju ìdúnàádúrà lọ.

Omi ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Ilẹ̀ olókùúta kì í gba omi dúró, kànga tó kún ní oṣù keje lè di ihò gbígbẹ ní oṣù kẹta. Ẹ má bi onílé. Ẹ bi aládùúgbò: “Màámi, ẹ kúulé o. Ẹ jọ̀wọ́, níbo lẹ ti ń pọn omi tí òjò bá ti lọ?” Tó bá tọ́ka sí ibi tó jìnnà, ẹ ti mọ ohun tí owó táńkà omi máa ṣe sí àpò yín. Bọ́hóòlù gbígbẹ́ nínú àpáta kò dá ẹnikẹ́ni lójú. Wọ́n lè lu ihò jìnnà wọlẹ̀, kí omi má yọ, owó iṣẹ́ á sì lọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn omi, ilé ìgbẹ́. Ìpìlẹ̀ ilé rọrùn lórí àpáta, ó tiẹ̀ ń dín owó kù, ṣùgbọ́n kòtò sọ́kàwéè kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Níbi tí àpáta ti súnmọ́ ojú ilẹ̀, àwọn kan á gbẹ́ kòtò tí kò jìn ju ìbàdí lọ, wọ́n á fi kọnkéré bò ó. Lóṣù kẹfà, nígbà tí omi bá ń rọ́ bọ̀ láti orí òkè, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ ṣí i wò. Ẹ má tijú.

Oòrùn náà wà níbẹ̀. Àpáta gbàǹgbà máa ń gba ooru lọ́sàn-án, á sì máa dá a padà lóru. Ilé tó fara ti àpáta pẹ́kípẹ́kí máa ń gbóná lálẹ́ oṣù kejì àti oṣù kẹta ju ilé tó wà ní ìgboro lọ. Ẹ jẹ́ kí ilé yín jìnnà díẹ̀ sí ẹsẹ̀ òkè, ní ìhà ibi tí òjìji òkè ti máa ń bò ó lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́.

Ní ti iná mànàmáná, látìgbà tí wọ́n ti pín wa sí ìsọ̀rí ní 2020, tí owó ìsọ̀rí A sì fò láti nǹkan bíi náírà 68 sí 225 fún ìwọ̀n kan ní 2024, ìlú kékeré tí iná kì í pẹ́ níbẹ̀ ń san owó tó kéré. Ìyẹn dùn létí, àmọ́ ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ máa ra sólà, kó sì ka owó rẹ̀ mọ́ owó ilé. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ńkọ́? Òkè máa ń dí i. Ilé méjì tó kọjú síra lè yàtọ̀: ọ̀kan gba ìpè dáadáa, èkejì kò gba nǹkan kan títí ẹ ó fi bọ́ sí ìta. Ẹ jókòó sínú yàrá tí ẹ máa fi ṣiṣẹ́ gan-an, kí ẹ pe èèyàn méjì láti ibẹ̀.

Ilẹ̀ rírà ni kí ẹ fi sẹ́yìn pátápátá. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ẹbí ni ẹ máa bá pàdé, ẹbí sì lè ní ẹ̀ka mẹ́ta tí wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ẹsẹ̀ òkè tún lè jẹ́ ti igbó ìjọba tàbí kí wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ fún ìgbafẹ́. Sọ̀fíyọ̀ tó lọ wo ìwé lọ́fíìsì ìjọba kí owó tó jáde lápò yín kì í wọ́n bí ẹjọ́ ọdún mẹ́wàá.

Tí wọ́n bá ní kí n pín àwọn èèyàn sí ibi tó yẹ wọ́n, bí mo ṣe máa pín wọn rèé. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tó fẹ́ máa yí ibi ìrìn padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó sì fẹ́ ilé ìwòsàn nítòsí, kó lọ sí Iléṣà. Ẹni tó fẹ́ kí òkè wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí ara rẹ̀ sì le, Ìdànrè. Ẹni tí Èkó kò tíì tú sílẹ̀, kó má san owó gọbọi nítorí Olúmọ, kó wo Ìsẹ́yìn, kó bá ọkọ̀ ojú irin dé Mọ́níyà. Ẹni tó ní ọmọ kéékèèké, Àkúrẹ́. Àgbà tó fẹ́ ilẹ̀ tó tẹ́, Òṣogbo. Ẹ̀fọ̀n Aláayè wà fún ẹni tó fẹ́ràn òtútù ju gbogbo nǹkan yòókù lọ, mi ò sì ní bá a jà.

Ìlú yòówù kí ẹ yàn, ẹ háyà ilé ọdún kan síbẹ̀ kí ẹ tó ra bíríkì kan ṣoṣo. Ẹ rí i pé oṣù kẹta tí omi gbẹ àti oṣù kẹfà tí òjò ń rọ́ bá yín nínú ilé náà. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ràn òkè náà lẹ́yìn méjèèjì, ẹ pe sọ̀fíyọ̀.